Okùn Kànga Ilé Olómi

Àwòrán àkọ́kọ́ tí Hàmdálàt yà nípa omi Àpòmù dára lójú, ó mọ́ kedere, irọ́ ló sì jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Ká ní àwòrán náà rí jákujàku ni, ì bá ti pa á rẹ́, kó tún òmíràn yà. Ṣùgbọ́n nǹkan náà rẹwà lójú kọ̀ǹpútà: kànga kọ̀ọ̀kan ní róbótó tirẹ̀, àwọ̀ omi wà nínú róbótó kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì kún dẹ́nu. Ẹni tí kò bá dé Àpòmù rí á rò pé àárín odò ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí.

Ìkirè ni Hàmdálàt ti ń ṣiṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí òun àti Othniel ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń sọ ìṣirò di àwòrán fún ẹni tó bá gbé e wá. Àpòmù ni ilé rẹ̀. Kò jìnnà, bí èèyàn bá wọ Máíkírà ní Ìkirè, kó tó rí ibi fi ẹsẹ̀ sí dáadáa, ó ti dé. Ẹgbẹ́ kan tó máa ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn ìlú ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ yìí. Obìnrin tó ṣojú ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Fọláṣẹwà, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í pariwo, tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn fún agbègbè náà lọ́dún yìí, ibi tí ojú omi bá ti pọ́n wọn jù ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Wọ́n ti rán àwọn èèyàn wọn lọ bi olórí agboolé kọ̀ọ̀kan ní Àpòmù pé ṣé kànga wọn máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Èsì tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fún Hàmdálàt pé kó fi ya àwòrán.

Ẹ gbà mí o. Ta ló ń bi ará Àpòmù ní irú ìbéèrè yẹn? Ẹ bi baálé ilé léèrè orúnkún tó ń dùn ún, á sọ fún yín. Ẹ bi í léèrè ọmọ tó lọ sí Èkó tí kò pe ilé mọ́, á mí kanlẹ̀, á sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí àlejò gbé bírò lọ́wọ́, kó ní ṣé kànga yín máa ń gbẹ? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ti sọ pé bàbá òun kò mọ kànga gbẹ́ nìyẹn. Gbogbo wọn ló gbé ọrùn sókè, tí wọ́n ní kànga àwọn kì í gbẹ.

Ẹni tó sì gbé ọrùn sókè jù ni Bàbá Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Hàmdálàt, tó ti di olórí agboolé wọn láti ìgbà tí bàbá àgbà Hàmdálàt ti kú. Ilé Olómi ni wọ́n ń pe agboolé náà. Láyé àtijọ́, ìdajì Àpòmù ló ń wá fa omi níbẹ̀, orúkọ ibẹ̀ sì dúró. Omi náà ni kò dúró. Lẹ́ẹ̀rùn, Ẹfúnkẹ́, ìyá Hàmdálàt, ló ń ru kẹ́ẹ̀gì lọ sódò, tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló yọ̀ ṣubú létí odò náà, orúnkún rẹ̀ sì wú títí di báyìí. Bó bá fẹ́ dìde lórí àpótí, ó ní láti kọ́kọ́ di ògiri mú. Bí Hàmdálàt bá sì rí i bẹ́ẹ̀, inú á máa bí i sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, inú á sì tún máa bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń bínú sí àgbà.

Ìgbà tí Fọláṣẹwà rí àwòrán àwọn róbótó náà, ó mi orí.

"Ó dára o. Ìlú yìí lómi ju bí mo ṣe rò lọ. A máa gbé ẹ̀rọ wa lọ síbòmíràn nìyẹn."

"Màdáámú, kì í ṣe òótọ́," ni Hàmdálàt wí. "Wọn ò sọ òótọ́ fún yín."

"Ta ni ò sọ òótọ́?"

Orúkọ tó wà lẹ́nu Hàmdálàt kò ṣeé pè.

"Wò ó, Hàmdálàt, mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ará Àpòmù ni ìwọ náà. Tí mo bá pa ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tì, tí mo gba tìrẹ, wọ́n á ní ilé yín lò ń jà fún. Ìpàdé wa pẹ̀lú ìlú ku ọ̀sẹ̀ kan. Bó o bá ní nǹkan mìíràn tí mo lè fojú rí, fi hàn mí kó tó dìgbà yẹn."

Nǹkan mìíràn tí èèyàn lè fojú rí. Hàmdálàt gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ Máíkírà padà sí Àpòmù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé, ó sì kọjá lẹ́bàá kànga agboolé kan níbi tí obìnrin kan ti ń so wáyà mọ́ ìdí okùn ìfami. Obìnrin náà ń fi eyín fa ìso náà kó lè le. Ohun tí Hàmdálàt ti ń rí láti kékeré ni, kò fi ìgbà kankan wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró.

Bí omi bá ti sá sẹ́yìn nínú kànga, tí okùn kò tó o mọ́, àwọn obìnrin á wá ohunkóhun tó bá wà nítòsí, wọ́n á so ó mọ́ ọn: nàílọ́ọ̀nù, wáyà, okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ kòkó, ìrépé aṣọ. Bí òjò bá dé, tí omi gòkè padà, ẹnikẹ́ni kì í gé e kúrò. Wọ́n á kàn ká èyí tó ṣẹ́kù mọ́ igi ẹnu kànga, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Nítorí náà, bí baálé ilé bá tilẹ̀ fi Kùránì búra lórí ìjókòó pé kànga òun kì í gbẹ, okùn wà lẹ́yìnkùlé tí ó ń sọ ibi tí omi sá dé gan-an, ìso kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó sá. Hàmdálàt sún mọ́ obìnrin náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo okùn yín."

"Okùn wa? Ṣé o fẹ́ lọ so màlúù ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, Hàmdálàt náà rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì na okùn náà sílẹ̀ fún un. Hàmdálàt fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìrépé-ìrépé, ó fi fóònù ya fọ́tò kó má bàa gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń lọ láti agboolé dé agboolé nìyẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá kànga wọn ń gbẹ. Okùn nìkan ló ní òun fẹ́ rí, ó sì ṣèlérí fún gbogbo wọn pé òun ò ní kọ orúkọ ilé kankan sí i. Àwọn obìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ìwé tó kà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó ní rárá.

Ó dé ilé Gàrúbà pàápàá, ọkùnrin tó ń ta pákó lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi ìpàdé ṣáájú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ lápá odò ni ilé rẹ̀ wà, omi kò sì jìnnà sí wọn nílẹ̀. Okùn pupa kúkúrú kan báyìí ni tiwọn, ìso ẹyọ kan ló wà lára rẹ̀. Gàrúbà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Kí lẹ tún fẹ́ fi okùn ṣe ní Ìkirè yín lọ́hùn-ún?"

"Mo fẹ́ fi ya àwòrán ni, sà. Ẹ̀yin náà á rí i ní ìpàdé."

"Ta ló ń ya àwòrán okùn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọlé.

Ó wá ku Ilé Olómi. Hàmdálàt dé ẹnu kànga wọn nírọ̀lẹ́, ó bá okùn titun funfun kan tó dáa lórí igi, ó sì sọ ìfami sísàlẹ̀. Okùn náà tán. Ìfami ń fì dirodiro nínú òkùnkùn, kò kan nǹkankan. Okùn tí wọ́n fi síbẹ̀ kí àlejò lè máa rí i ni. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń wò ó.

"Màmá, ìyókù okùn yìí dà?"

Ẹfúnkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá ti lọ kírun àlàásárì," ló sọ, bíi pé ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Ó rọra fẹsẹ̀ wọ́ wọ yàrá Bàbá Sàlàkọ́, ó sì gbé àpò kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, okùn inú rẹ̀ gba àgbàlá náà já, ó yí ìdí igi ọsàn po, ó tún padà bọ̀.

"Bàbá ló ní ká máa mú un jáde kí ilẹ̀ tó mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "ká sì dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tá à ń rí fà. Bí ẹsẹ̀ bá sì gbà fún mi, odò náà ni mò ń lọ."

Inú Hàmdálàt bàjẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó wọn okùn náà, ó ya fọ́tò rẹ̀ ní kíákíá. Nínú gbogbo okùn tó ti wọ̀n, kò sí èyí tó gùn tó o.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ẹfúnkẹ́ wí bó ti ń ká a padà, "bí bàbá bá mọ̀ pé èmi ni mo gbé e fún ọ, mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n. Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé mi kúrò nílé yìí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mi ò ní kọ orúkọ."

Ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkirè, Othniel wo ìṣirò tó kó wá, ó sì fún un nímọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni á fún un. Ó ní kó ya àwọn òpó tó dúró gbọnrangandan, kí èyí tó gùn ga, kí èyí tó kúrú rẹlẹ̀, kí wọ́n lọ jẹun.

"Rárá," ni Hàmdálàt wí. "Bí mo bá ya òpó, wọ́n á rí òpó. Mo fẹ́ kí kálukú rí okùn tirẹ̀. Ẹni tó bá rí okùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ okùn yà o. Ìlà ló mọ̀, àti róbótó."

"Kí ló wà lára okùn ju ìlà àti róbótó lọ?"

Ó jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà fún ìrépé: ìlà tó nípọn, tó ní gígùn tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀. Ó kọ òmíràn fún ìso: róbótó kékeré, tí etí rẹ̀ dúdú. Ó kọ òmíràn fún ìfami: onígun mẹ́rin tó fẹ̀ lókè, tó súnkì lábẹ́, pẹ̀lú ìlà tó tẹ̀ fún ìdímú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ àṣẹ ńlá kan tó pe gbogbo wọn jọ, ó sì sọ ọ́ ní okùn. Iṣẹ́ àṣẹ ńlá yìí ni pé kó ya ìrépé àkọ́kọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ìrépé náà parí, kó ya ìso síbẹ̀, kó ya ìrépé tó tẹ̀ lé e, kó máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìrépé á fi tán, kó wá fi ìfami kọ́ ìdí rẹ̀. Bó bá ti di odidi kan báyìí, a ò ní máa ṣe wàhálà ìlà yìí àti róbótó yẹn mọ́. Ká kàn ní okùn, ká sọ ti ilé tó jẹ́, ó tán.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan tó jáde mú kí Othniel gbé orí lé tábìlì, kó máa rẹ́rìn-ín. Hàmdálàt ti gbàgbé láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé bó bá parí okùn kan, kó padà sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibi tí ìfami ilé kan parí sí ni okùn ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló jáde, tó ń lọ sísàlẹ̀ láìlópin, ìfami sì so mọ́ ọn káàkiri bí èso.

"Ẹ kú oríire o," ni Othniel wí. "Àpòmù ti wà ní ìṣọ̀kan."

Hàmdálàt yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó fi àṣẹ tó ń gbé e padà sókè kún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bó ṣe yẹ, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti ìso rẹ̀. Othniel dákẹ́ ẹ̀rín, ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó dára gan-an ni. Ọ̀kan nìkan ni kò parí. Okùn àárín lọ sísàlẹ̀, ó dé etí àwòrán, ó sì gé síbẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò hàn, kò sì ní ìfami.

"Ti ibo nìyẹn?"

"Ti ilé wa."

Othniel fi ìka họ orí. "Dín ìyẹn nìkan kù. Kó kàn gùn ju ìyókù lọ díẹ̀, ó ti tó. Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

Ìdánwò ńlá ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá dín in kù, àwòrán á dọ́gba, á dùn ún wò, ìtìjú Bàbá Sàlàkọ́ náà á sì kéré níwọ̀n bí okùn náà ṣe kúrú tó. Ọwọ́ Hàmdálàt dúró lórí bọ́tìnnì. Ó rántí orúnkún ìyá rẹ̀.

"Gbogbo wọn ni mo máa dín kù," ló wí. "Bí ti wa bá kéré, ti gbogbo ìlú á kéré tẹ̀ lé e. Kò sí ilé tí mo máa gé lẹ́sẹ̀." Ó gbé àṣẹ tó ń dín nǹkan kù sókè pátápátá, ṣáájú gbogbo okùn, kó lè kan gbogbo wọn bákan náà. Àwọn okùn kúkúrú wá kéré débi pé ti Gàrúbà kò ju ìka kan lọ létí àwòrán. Èyí àárín sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ láàárín wọn, ìfami sì wà ní ìdí rẹ̀.

Ó fi í ránṣẹ́ sí Fọláṣẹwà lórí Wásáàpù. Èsì tí ó gbà dùn mọ́ ọn nínú, ó sì tún já a láyà. Fọláṣẹwà ní òun gba àwòrán náà, ibi tí okùn ti gùn jù ni àwọn á gbẹ́ kànga sí. Ṣùgbọ́n olórí ilé náà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìlú pé òun lòun ni okùn náà, kó sì yọ̀ǹda ilẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ wọn ò lè gbẹ́ kànga sílé ẹni tó ní omi kò wọ́n òun.

Bàbá Sàlàkọ́ dìde, kó sọ pé kànga Ilé Olómi ti gbẹ? Hàmdálàt lọ kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Bàbá, nípa ìpàdé ọ̀la yìí."

"Mo gbọ́. Màá wá."

"Wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ omi, sà. Bí ẹ bá lè sọ bó ṣe rí—"

"Kí ni orúkọ ilé yìí, Hàmdálàt?"

"Ilé Olómi ni, sà."

"Ó dáa náà." Ó tẹ̀ síwájú nínú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Hàmdálàt dìde, ó jáde.

Ọjọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, Othniel bá a gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán wá láti Ìkirè. Ẹfúnkẹ́ jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Bàbá Sàlàkọ́ wà níwájú pẹ̀lú àwọn àgbààgbà, láwàní rẹ̀ wé dáadáa, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tí àwòrán náà yọ, gbogbo ojú kọ́kọ́ lọ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan lẹ́yìn sọ pé, "Wáyà wa nìyẹn." Òmíràn ní nàílọ́ọ̀nù tòun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ń nàka, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fi ìso ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn baálé ilé sì ń wo ilẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí okùn rẹ̀ kò ní ìso.

Fọláṣẹwà ṣàlàyé ohun tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣe. Ó fi igi tọ́ka sí okùn àárín.

"Ta ló ni èyí?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá Sàlàkọ́. Hàmdálàt wò ó láti ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Bàbá kò dìde. Fọláṣẹwà tún béèrè. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó ni ín, ẹni tí okùn rẹ̀ gùn tẹ̀ lé e ni òun á pè.

"Èmi ni mo ni ín."

Gbogbo orí yí. Gàrúbà ló dìde, ó ń gbọn agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Èmi ni. Ojú ló ń tì mí láti ẹ̀ẹ̀kan. Ilé mi ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí, ilẹ̀ wà, ìyẹn ò ní wàhálà."

Okùn ọkùnrin yìí ló wà létí àwòrán lọ́hùn-ún, tó pupa, tí kò ju ìka lọ. Fọláṣẹwà yíjú sí Hàmdálàt.

"Hàmdálàt, ṣé òun ló ni ín?"

Bó bá ní rárá, wọ́n á bi í pé ta wá ni, kò sì sí agboolé tí kò ṣèlérí fún, títí kan ìyá tó bí i.

"Màdáámú, mo ti ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ni okùn tí kò mọ ohun tó fi so ó. Ẹ ní kí wọ́n ka ìrépé rẹ̀ fún wa."

"Ọ̀rọ̀ nìyẹn," ni àwọn obìnrin ẹ̀yìn wí. Gàrúbà fi ojú wá àwòrán náà lọ sókè sódò.

"Èyí òkè yẹn, okùn ni. Aláwọ̀ ewé yẹn, okùn náà ni. Dúdú yẹn, ìyẹn okùn dúdú. Funfun ìsàlẹ̀ yẹn wá jẹ́... nàílọ́ọ̀nù ni. Nàílọ́ọ̀nù funfun."

"Wáyà ni dúdú yẹn."

Ohùn náà kò ga. Bàbá Sàlàkọ́ ṣì jókòó, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ti itan, ó dìde.

"Wáyà iná ni. Ọdún tí wáyà já lẹ́yìnkùlé wa, tí ẹnikẹ́ni ò wá tún un ṣe, ni mo gé e. Èyí òkè yẹn, bàbá mi ló rà á. Òun ló so ìso àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀, mo dúró tì í, ó sì ní kí n má sọ fún ẹnì kan. Aláwọ̀ ewé yẹn, ọkọ̀ kòkó ni wọ́n ti tú u fún wa ní Wásinmi." Ó yíjú sí Gàrúbà. "Gàrúbà, o ní nàílọ́ọ̀nù ni funfun yẹn?"

Gàrúbà wo ilẹ̀.

Bàbá Sàlàkọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú láwàní orí rẹ̀. Ó tú u lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ń ká a sí apá, títí ó fi dé ìdí rẹ̀ tó ti máa ń fi pamọ́ sínú. Ó na ìdí náà jáde fún ìlú. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e. Kò ní ìṣẹ́tí, fọ́nrán rẹ̀ sì ti ń tú.

"Ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni. A ti jẹ sààrì tán, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ìyàwó àbúrò mi ò lè rìn dé odò mọ́. Mo sọ ìfami sísàlẹ̀, kò kan omi. Mo wá nǹkan tí mo máa so mọ́ ọn nínú òkùnkùn, mi ò rí. Mo gé èyí." Ó kọjú sí Fọláṣẹwà. "Lọ́jọ́ kejì ni àwọn èèyàn yín dé, tí wọ́n ní ṣé kànga wa máa ń gbẹ. Mo ní kì í gbẹ. Ó gbẹ. Ó ti ń gbẹ kí bàbá mi tó kú. Ìyàwó ilé wa ti di arọ lórí orúkọ Olómi tí mò ń jẹ́."

Gàrúbà ti jókòó, kò sí ẹni tó rí ìgbà tó jókòó. Ẹfúnkẹ́ fi ìborùn bo ojú láàárín àwọn obìnrin. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ wà," ni Bàbá Sàlàkọ́ sọ fún Fọláṣẹwà. "Iwájú ilé ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn." Ó yíjú sí Hàmdálàt. "Kọ orúkọ mi sí i."

"Bàbá, mo ṣèlérí pé—"

"Èmi ni mo ní kó o kọ ọ́. Má kọ Ilé Olómi o. Sàlàkọ́ ni kó o kọ."

Hàmdálàt jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ṣi lẹ́tà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á rẹ́. Ó kọ orúkọ náà sínú àṣẹ okùn fúnra rẹ̀, sábẹ́ ìfami, kó lè jẹ́ pé ibikíbi tí wọ́n bá gbé okùn yẹn lọ, orúkọ náà á máa bá a lọ. Bàbá Sàlàkọ́ dúró níbẹ̀, láwàní lọ́wọ́, orí rẹ̀ ní gbangba, ó ń wo ògiri títí orúkọ rẹ̀ fi yọ.